Àáró Tàbí Ọ̀wẹ̀? Àgbéyẹ̀wò Èrò Adébáyọ̀ Adédèjì Lójú Ìrírí Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Adébáyọ̀ Adédèjì (1930–2018) kò gbà pé àṣejù ìnáwó ìjọba nìkan ni ó sọ ilẹ̀ Adúláwọ̀ di aláìní. Lójú tirẹ̀, àìsàn náà ti wọ egungun: ohun tí àwọn ènìyàn ń gbìn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jẹ, ohun tí wọ́n sì ń jẹ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbìn. Èrò yìí ni ó gbé dání lọ sí Addis Ababa ní 1975, nígbà tí ó di olórí àjọ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá sílẹ̀ fún ọrọ̀ ajé Áfíríkà, èyí tí a mọ̀ sí ECA. Kò jù ú sílẹ̀ títí ó fi kúrò níbẹ̀ ní 1991, tí ó padà sí Ìjẹ̀bú-Òde tí í ṣe ìlú rẹ̀.

ECOWAS àti ètò àgùnbánirọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí rẹ̀. Ìrántí náà tọ́, nítorí òun ni Kọmíṣọ́nnà ìjọba àpapọ̀ fún ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé àti àtúntò láti 1971 sí 1975, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú iṣẹ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìrántí yìí ti bo èrò rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èrò náà ni ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò, kí a sì gbé e yẹ̀ wò lórí ilẹ̀ tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ìkálẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ baba rẹ̀, àmọ́ irúgbìn méjì tí ó gbajúmọ̀ níbẹ̀, ọ̀pẹ àti ẹ̀gẹ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé a dìídì gbìn wọ́n láti fi dán ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò.

Ọ̀pẹ ni kí á kọ́kọ́ mú. Láyé ìjọba amúnisìn, epo àti ẹkùrọ́ ń gba orí omi kúrò ní agbègbè Òkìtìpupa lọ sí Èkó, láti ibẹ̀ ni ó ń bá ọkọ̀ òkun lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ di ọṣẹ. Ọṣẹ náà a tún padà wá sí ọjà. Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba dá oko ọ̀pẹ ńlá àti ilé ìfúnpo sílẹ̀ ní Òkìtìpupa. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì gba ọ̀pọ̀ ènìyàn síṣẹ́ nígbà tí ó ń lọ geere. Àmọ́ ó ti dákú, ó ti jí, ó sì tún ti dákú, bí ìjọba ti ń lọ tí òmíràn ń dé. Nàìjíríà tí ó jẹ́ àgbà nínú títa epo pupa fún gbogbo ayé títí di àárín ọdún 1960 ti wá di ẹni tí ń ra epo lọ́wọ́ ará òkèèrè. Ní ti ọ̀pẹ, àlàyé Adédèjì kò ní àbùkù.

Oògùn rẹ̀ ni ó wà nínú Ètò Ìṣe ti Èkó, tí àwọn olórí ilẹ̀ Adúláwọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin 1980. Oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ni orí kìíní ìwé náà dá lé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òwe Yorùbá tí ó ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bọ́ ara rẹ̀, kí wọ́n máa tajà fún ara wọn, kí ọjà kan ṣoṣo sì wà fún gbogbo Áfíríkà nígbà tí ó bá fi máa di 2000. Kò pé ọdún méjì tí Báǹkì Àgbáyé fi gbé ìwé tirẹ̀ jáde ní 1981, èyí tí Elliot Berg ṣe olórí kíkọ rẹ̀. Ohun tí ìyẹn ní kí wọ́n ṣe yàtọ̀ pátápátá: kí ìjọba dín ọwọ́ rẹ̀ kù, kí àgbẹ̀ sì túbọ̀ máa gbin ohun tí òkèèrè ń rà. Báǹkì ni ó ní owó lọ́wọ́. Ìwé Báǹkì ni àwọn ìjọba tẹ̀ lé.

Nàìjíríà tẹ̀ lé e ní 1986. Àwọn aráàlú pe ètò náà ní Sáàpù, orúkọ náà sì di èpè. Náírà já wálẹ̀, wọ́n tú àwọn ìgbìmọ̀ tí ń ra irè oko ká, nígbà tí ó sì di oṣù karùn-ún 1989, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti aráàlú ti bọ́ sí ìgboro láti fi ẹ̀hónú hàn. Ní ọdún yẹn kan náà ni Báǹkì sọ pé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó gba Sáàpù ń gòkè. ECA kò bá wọn fa ọ̀rọ̀ ẹ̀dùn ọkàn. Iye tí Báǹkì kà ni wọ́n tún kà, wọ́n fi hàn pé ibi tí ènìyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ kíkà ni ó ń pinnu ohun tí yóò rí. Ní oṣù keje, wọ́n gbé ètò mìíràn jáde tí ó lè dípò Sáàpù. Nínú gbogbo iṣẹ́ Adédèjì, bóyá ni ọ̀kan wà tí ó mú bí èyí.

Síbẹ̀, ẹ̀gẹ́ Ìkálẹ̀ bi í ní ìbéèrè kan tí kò rọrùn. Obìnrin Ìkálẹ̀ tí ń ṣe púpurú a bó ẹ̀gẹ́, a rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi rọ̀, a fún omi rẹ̀ dànù, a ṣa okùn inú rẹ̀, a sì mọ ọ́n róbótó sórí àjà iná kí èéfín lè gbẹ ẹ́. Tí ó bá tó àkókò, a ha ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó ti dúdú kúrò, a gún funfun inú rẹ̀, a kù ú, ó di ìyẹ̀fun tí a ń rò nínú omi gbígbóná. Ó ń pẹ́ nílẹ̀ láìbàjẹ́, ó sì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ tí ń gbé orí omi, tí àwọn náà ń kó ẹja bọ̀. Ohun tí a gbìn ni a ń jẹ; ohun tí kò sí lọ́dọ̀ wa, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni a ti ń rà á. Gbogbo ohun tí Ètò Ìṣe ti Èkó ń wá kiri nìyí, kò sì sí ìjọba tí ó dá a sílẹ̀. Ètò ìdàgbàsókè kẹta ti Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe lábẹ́ Adédèjì, tí wọ́n sì pinnu láti ná bílíọ̀nù ₦30 lé lórí láti 1975, ilé-iṣẹ́ ńlá ni ó kún inú rẹ̀. Ohun tí ó jọ oko ọ̀pẹ ni ojú rẹ̀ ń rí. Àjà iná kò sí níbẹ̀.

Ó dà bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ padà rí i. Ní ìpàdé Àrúṣà ní oṣù kejì 1990, ECA jókòó pẹ̀lú ẹgbẹ́ obìnrin, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ aráàlú mìíràn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdàgbàsókè tí aráàlú kò bá lọ́wọ́ sí kò ní dúró. Ọdún kan péré ni ó kù fún un lórí oyè. Ó pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ àwọn ètò wọ̀nyí, bí a bá sì fẹ́ sọ kókó wọn ní Yorùbá, ‘àdádúró’ ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà kò bá a mu, nítorí kò sí ibi tí Adédèjì ti ní kí ẹnikẹ́ni dá dúró. Ó ní kí àwọn aládùúgbò jọ dúró ni. Àgbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀, àáró. Nínú àáró, oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la, ẹni tí kò bá sì wá sí oko ẹnìkejì kò ní rí ẹnikẹ́ni ní tirẹ̀. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀: olóko a pe ènìyàn, a bọ́ wọn yó, kálukú a sì máa lọ sílé láìjẹ gbèsè. Àáró ni Adédèjì pè ní 1980, ṣùgbọ́n bí ẹni lọ sí ọ̀wẹ̀ ni àwọn olórí ṣe wá sí Èkó. Wọ́n jẹun, wọ́n buwọ́ lù ú, wọ́n lọ. Kò sí ìyà kankan nínú ìwé náà fún ẹni tí kò bá yọjú sí oko.

Ní 21 oṣù kẹta 2018, ní Kigali, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tún buwọ́ lu àdéhùn ọjà kan ṣoṣo. Nàìjíríà, tí wọ́n ti jókòó sílé rẹ̀ ní 1980, kò buwọ́ lù ú lọ́jọ́ náà, oṣù keje 2019 ni ó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Adédèjì ti kú ní 25 oṣù kẹrin 2018.