Ìpàdé Ẹgbẹ́ Blur ní Ilé Ẹrù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń ronú lórí eré kan tí àwọn olórin rọ́ọ̀kì mẹ́rin ṣe ní ọjọ́ 13, oṣù kẹfà, ọdún 2009, ní Chappel, abúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú Colchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Blur ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Ibi tí wọ́n ti ṣeré kì í ṣe gbọ̀ngàn ńlá rárá. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọkọ̀ ojú irin ni, inú ilé tí wọ́n ń kó ẹrù ọkọ̀ sí láyé àtijọ́ ni wọ́n sì ti gbé gìtá kọ́rùn. Ẹbí, ọ̀rẹ́, àti ìwọ̀nba olólùfẹ́ ni ó pé jọ síbẹ̀. N kò sí níbẹ̀. Fíìmù No Distance Left to Run tí ó jáde ní ọdún 2010, àti àwo orin eré tí wọ́n ṣe ní Hyde Park ní London ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ni mo gbé ìdájọ́ mi lé.

Òǹkàwé lè bi mí pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ń ta gìtá. Iṣẹ́ mi ni láti gbọ́ lílé àti ègbè, kí n sì mọ ìgbà tí ègbè dáhùn lílé tọkàntọkàn, kí n mọ ìgbà tí ó kàn ń ṣe é nítorí owó ọ̀yà. Ìdí kejì ni ọmọ Èkó kan, Tony Allen. N ó padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Damon Albarn àti Graham Coxon ti di ọ̀rẹ́ láti ìgbà tí wọ́n wà ní ilé-ìwé Stanway ní Colchester. Nígbà tí Alex James tí ń ta gìtá béèsì àti Dave Rowntree onílù dara pọ̀ mọ́ wọn, Seymour ni wọ́n kọ́kọ́ pe ara wọn. Inú ilé ẹrù tí mo wí yìí ni wọ́n ti ṣe eré wọn àkọ́kọ́, ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú ọdún 2009. Àwo orin Parklife ti ọdún 1994 ni ó sọ wọ́n di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ní ọdún 2002, nígbà tí wọ́n ń ṣe Think Tank lọ́wọ́, àárín dàrú, Coxon sì kúrò nínú ẹgbẹ́. Orin kan ṣoṣo, èyí tí ó kẹ́yìn pátápátá, ni ó ti lọ́wọ́ sí nínú àwo náà nígbà tí ó jáde ní 2003. Ọ̀rẹ́ àtìgbà èwe di ẹni tí kò jọ ṣeré mọ́. Ìparí ọdún 2008 ni wọ́n tó kéde pé àwọn yóò tún pàdé lórí ìtàgé.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé owó wà nínú irú ìpadàbọ̀ báyìí. Àwọn Sex Pistols kò tilẹ̀ fi bò nígbà tiwọn ní ọdún 1996: Filthy Lucre, èyí tí í ṣe owó ẹ̀gbin, ni wọ́n sọ ìrìn àjò wọn. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí alárìíwísí bèèrè ni pé, yàtọ̀ sí owó, kí ni ó tún wà níbẹ̀?

Ilé ẹrù yẹn ni ó dá mi lóhùn. Nínú ìdílé Yorùbá, kì í ṣe ojú ọjà ni a ti ń parí ìjà tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ọ̀ọ̀dẹ̀ ni a ti ń parí rẹ̀, lójú àwọn tí ó mọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kí a tó jáde sí gbangba. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó: ilé ẹrù ní ọjọ́ 13, pápá Glastonbury ní ọjọ́ 28, Hyde Park ní ọjọ́ 2 àti ọjọ́ 3, oṣù keje. Ní gbọ̀ngàn ńlá, iná àti àwòrán gàgàrà lè bo àṣírí àwọn tí kò fẹ́ wo ojú ara wọn. Nínú ilé kékeré, bí ẹnì kan bá yí ojú padà sí ẹnì kejì, gbogbo ilé ni yóò rí i.

Orin méjì nínú àwo Hyde Park ni mo fi ń jẹ́rìí pé ìjà náà parí ní tòótọ́. Èkíní ni “Out of Time”. Inú Think Tank ni ó ti wá. Ẹ̀yìn Coxon ni wọ́n ṣe é. Síbẹ̀, Coxon dúró, ó ta gìtá sí i. Olórin mìíràn ìbá ní kí a yọ irú orin bẹ́ẹ̀ kúrò. Ọbẹ̀ tí wọ́n sè lẹ́yìn rẹ̀ ni ó bá wọn jẹ, tí kò sì bèèrè ẹni tí ó fi iyọ̀ sí i. Èkejì ni “Tender” ti ọdún 1999. Albarn ni ó ń lé e, Coxon ni ó ń fi gbólóhùn kúkurú dá a lóhùn. Nígbà tí orin náà parí, àwọn òǹwòran kò jẹ́ kí ègbè náà kú. Wọ́n ń gbé e lọ fúnra wọn. Ohùn ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ fún ọdún mẹ́fà ni ogunlọ́gọ̀ sọ di tiwọn.

Ṣùgbọ́n n kò ní torí èyí yin eré náà kọjá bí ó ti yẹ. Egúngún tí ń jáde lọ́dọọdún, ẹ̀kú àtijọ́ ni ó ń gbé, ṣùgbọ́n a máa ń fi aṣọ tuntun kún un. Blur kò fi aṣọ kankan kún tiwọn: kò sí orin kan nínú àwo Hyde Park tí ó jáde lẹ́yìn ọdún 2003. Oníjàlá tí ó bá padà dé lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, tí ó sì sun ìjálá àtijọ́ gẹ́lẹ́, a ó bi í bóyá oorun ni ó ti ń sùn. Ọdún 2015, nígbà tí The Magic Whip jáde, ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó jọ rán aṣọ tuntun tí ó gbó dáradára.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ Tony Allen. Ní ọdún 2000, Blur dárúkọ rẹ̀ nínú orin “Music Is My Radar”. Allen gbọ́, ó pe Albarn wá kọrin nínú àwo rẹ̀ Home Cooking ti ọdún 2002, wọ́n sì tún jọ wà nínú ẹgbẹ́ The Good, the Bad & the Queen. Allen yìí kan náà ni ó fi ẹgbẹ́ Fẹlá sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1979, tí kò sì padà wá jókòó sídìí ìlù gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ mọ́. Fẹlá kú ní 1997. Allen kú ní Paris ní ọjọ́ 30, oṣù kẹrin, ọdún 2020. Àwa tí a fẹ́ràn Afrobeat ìbá san ohunkóhun láti gbọ́ àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i, ìbáà ṣe nínú ilé ẹrù. Ikú ti ti ilẹ̀kùn ìyẹn.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè fi ìpàdé àwọn ará Colchester wọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kí wọ́n tó ṣeré ní pápá Wembley, wọ́n tún kọ́kọ́ padà sí gbọ̀ngàn kékeré kan ní Colchester. Wọ́n ti mọ̀ pé ọ̀ọ̀dẹ̀ ni a ti ń jáde lọ sí ojú agbo.