Fátúmbí Verger àti Ẹ̀kọ́ Ọfọ̀ ní Kíláàsì

Ohun tí ó mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí ni pé, ní kíláàsì wa kan ní Igbóbì, bí a ti dárúkọ ọfọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ti ìka bọ etí. Wọ́n ní oògùn ni, àwọn kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. A kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ọfọ̀ wà lára ewì alohùn, olùdánwò sì lè bi wọ́n. Báwo ni a ó ṣe kọ́ ọ tí kò fi ní í dà bí ẹni pé à ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èpè?

Nínú àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, Pierre Verger ni a rò pé ó lè ràn wá lọ́wọ́, bí a bá mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ kù sí. Paris ni a ti bí i ní 1902, iṣẹ́ fọ́tò ni ó sì ń ṣe. Ó dé Bàhíà ní Bùràsíìlì ní 1946. Ní 1953, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Ifá ní Kétu, ó sì di Fátúmbí. Ní 1967, Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwé rẹ̀ lórí ewé Ọ̀sanyìn jáde. Ìwé rẹ̀ ńlá, *Ewé*, jáde ní 1995, ọdún kan kí ó tó kú.

Oògùn 447 ni ó wà nínú rẹ̀: ewé tí a ó lò, odù tí a ó tẹ̀, àti ọfọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn òbí tí ń bá wa jà gbọ́ èyí: 219 jẹ́ ti ìwòsàn, àbìlù kò ju 32 lọ, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìdáàbòbò jẹ́ 41. A kò ṣàì bi ara wa bí ààlà méjèèjì yìí ṣe le tó. Ẹni tí ó dá èpè padà sórí ẹni tí ó ṣẹ́ ẹ, ṣé ara rẹ̀ ni ó dáàbò bò ni, tàbí ó di ẹlòmíràn lù?

Ohun tí Verger tẹpẹlẹ mọ́ jù ni okùn tí ó so orúkọ ewé mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe inú ọfọ̀. Ẹ wo àbámodá: àbá wà níbẹ̀, dá náà wà níbẹ̀, ẹni tí ó lò ó ń fẹ́ kí àbá tí òun dá ṣẹ. Yí àti dà wà nínú àlùpàyídà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rárá, ẹ̀kọ́ èdè ni, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó di etí pàápàá lè ṣe é lójú pátákó. A tilẹ̀ lè fi ohùn kún un. Ohùn òkè ni dún inú òdúndún, ti ìsàlẹ̀ sì ni dùn; síbẹ̀ etí Yorùbá gbà kí èkíní pe èkejì. Kí olùkọ́ má ṣe máa fagi lé ìdáhùn ọmọ nítorí pé ohùn kò bára mu.

Ṣùgbọ́n okùn yìí kò so gbogbo ọfọ̀. Bí a bá fi ìgbín tí ń gun ẹ̀gún láìfarapa wá ààbò, ìwà ìgbín ni a gbára lé, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá di ọ̀nà Verger nìkan mú yóò máa wá ọ̀rọ̀-ìṣe níbi tí kò sí. Èdè àjèjì ni àlàyé inú ìwé náà tún wà. Ó sì dùn wá díẹ̀, nítorí ẹnu àwọn babaláwo wa ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

Ní ti ìdánwò, àwọn tí ń ní kí ọmọ ka ìwúlò ọfọ̀ márùn-ún ń gba ohun tí wọ́n há sórí padà ni. Ẹ fún un ní orúkọ ewé mẹ́ta tí kò rí rí, kí ó sọ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó gbọ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì sọ èyí tí kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀.