Ta ni “Wọ́n”? Arọ́pò-Orúkọ, Àpọ́nlé àti Ìròyìn Amóhùnmáwòrán: Àpẹẹrẹ láti Ìdànrè

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, tí ojú Àníkẹ́ Agbájé-Williams sì di ọ̀kan lára àwọn ojú tí òǹwòran kọ́kọ́ mọ̀ nínú àpótí náà. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń ṣe lámèyítọ́ akàròyìn: bí ohùn rẹ̀ ṣe já gaara tó, bí ó ṣe wé gèlè tàbí bí ó ṣe dé fìlà, bí ó ṣe pe orúkọ ìlú. Gbogbo ìwọ̀nyí ló yẹ ní wíwò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tí lámèyítọ́ kì í sábà dá dúró, ìyẹn ni wọ́n. Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé nínú ìròyìn Yorùbá tí a ń kà ní tààràtà, ọ̀rọ̀ yìí ni ó máa ń pinnu ẹni tí òǹwòran yóò bọ̀wọ̀ fún àti ẹni tí ó lè bi léèrè ọ̀rọ̀. Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ẹ̀ka-èdè agbègbè náà kò lo arọ́pò-orúkọ ọ̀pọ̀ bí Yorùbá àjùmọ̀lò ṣe ń lò ó. Àwa fúnra wa ni a ṣẹ̀dá gbogbo gbólóhùn àpẹẹrẹ. Wọn kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kankan.

Iṣẹ́ mẹ́ta lọ́rùn ọ̀rọ̀ kan

Iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe nínú Yorùbá àjùmọ̀lò:

(1) Àwọn olùkọ́ dé sí Aládé. Wọ́n kí àwọn òbí.
(2) Gómìnà dé sí Aládé. Wọ́n kí àwọn òbí.
(3) Wọ́n ti mú ọkùnrin kan ní Aládé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n dúró fún nínú (1). Ẹnì kan ṣoṣo tí a pọ́n lé ni nínú (2). Nínú (3), a kò mọ olùṣe. Ìkẹta yìí ni ó léwu jù fún oníròyìn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì lè sọ pé a mú ọkùnrin láìdárúkọ ẹni tí ó mú un. Yorùbá kò ní irú ìhun bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni ògbufọ̀ inú yàrá ìròyìn fi máa ń fi wọ́n dí àlàfo náà. Ṣé ọlọ́pàá ni? Ṣé Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn gúúsù dá sílẹ̀ ní ọdún 2020 ni? Àbí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tí wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn ṣe ìdájọ́? Ohun tí ẹbí ọkùnrin náà yóò ṣe lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì dúró lórí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí.

Nígbà tí iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé nínú ìròyìn kan, ọ̀rọ̀ a dojú rú:

(4) Gómìnà ṣàbẹ̀wò sí àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Ìdànrè. Wọ́n ní ọ̀nà oko ti bàjẹ́, àti pé wọ́n máa tún un ṣe kí òjò tó dé.

Ta ni ó sọ pé ọ̀nà bàjẹ́? Ta ni yóò tún un ṣe? Ẹni tí ó bá ka (4) nínú ìwé ìròyìn lè padà sẹ́yìn. Ẹni tí ó ń gbọ́ ọ lẹ́nu akàròyìn kò lè padà, nítorí ìròyìn mìíràn ti wọlé. Àwòrán kì í fi gbogbo ìgbà ṣe ìrànwọ́, torí pé gómìnà àti àgbẹ̀ lè jọ wà nínú àwòrán kan náà. Nínú ọ̀ràn yìí, akéde ìgbà àtijọ́ sàn ju akàròyìn lọ: bí ó bá ti lu agogo tán, ẹni tí ó rán an níṣẹ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ dárúkọ.

Ìdànrè àti ọ̀rọ̀ àpọ́nlé

Nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní ọdún 1967, Adétugbọ̀ pín ẹ̀ka-èdè Yorùbá sí ìsọ̀rí, ó sì ya ti ìlà-oòrùn gúúsù sọ́tọ̀. Agbègbè yìí ni Oǹdó àti Ìdànrè wà. Ọ̀kan lára àmì tí a fi ń dá ìsọ̀rí náà mọ̀ ni pé arọ́pò-orúkọ ẹni kejì ọ̀pọ̀ àti ẹni kẹta ọ̀pọ̀ ti di ọ̀kan náà, àti pé a kì í fi ọ̀pọ̀ pọ́n ẹnì kan lé. Èyí kò sọ pé ará Ìdànrè kò mọ ọ̀wọ̀. Orúkọ oyè, oríkì, ìkúnlẹ̀ àti ìkíni ni ó ń gbé ọ̀wọ̀ ró níbẹ̀.

Wàyí o, bí àgbàlagbà obìnrin kan ní Ìdànrè bá bá akọ̀ròyìn sọ̀rọ̀, tí ó lo arọ́pò-orúkọ ẹyọ fún gómìnà, kò ṣe àrífín. Ṣùgbọ́n bí akàròyìn ní Àkúrẹ́ bá tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní Yorùbá àjùmọ̀lò, yóò fi wọ́n sí i lẹ́nu, yóò sì sọ ẹni tí ó ń bá gómìnà sọ̀rọ̀ bí ará ìlú sí ará ìlú di ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? “Ó ní” ni akàròyìn yóò sábà pè é. Bẹ́ẹ̀, bí ó bá jẹ́ àṣà Yorùbá ni a ń tẹ̀lé, ẹni ọdún 78 ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gba wọ́n. Nígbà tí ipò bá gba àpọ́nlé tí ọjọ́ orí kò rí i gbà, àṣà kọ́ ni akàròyìn ń tẹ̀lé mọ́. Agbára ni ó ń tẹ̀lé.

Òun àti àwọn: irinṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀

Yorùbá ní irinṣẹ́ kan tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní:

(5) Ó ní òun máa tún ọ̀nà náà ṣe.
(6) Ó ní ó máa tún ọ̀nà náà ṣe.

Nínú (5), ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ni ó ṣèlérí. Kò sí ọ̀nà àbáyọ fún un. Nínú (6), ẹlòmíràn ni ó lè jẹ́. Bákan náà ni “wọ́n ní àwọn” àti “wọ́n ní wọ́n” ṣe yàtọ̀. Arọ́pò-orúkọ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò níbi méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ògbufọ̀ tí ń sáré fi máa ń mú irú (6). Ìyípadà kékeré yìí ti yọ ọrùn olóṣèlú kúrò nínú ìlérí tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe. Ẹ jẹ́ kí a tún (4) sọ:

(7) Gómìnà ṣàbẹ̀wò sí àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Ìdànrè. Àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀nà oko ti bàjẹ́. Gómìnà ní ìjọba òun máa tún un ṣe kí òjò tó dé.

Díẹ̀ báyìí ni (7) fi gùn ju (4) lọ. Àtúnsọ orúkọ kò sì bu ẹwà èdè kù. Ó bá ìgbọ́ràn mu.

Àtakò méjì

Ẹnì kan lè sọ pé akàròyìn tí ó bá pe ọba ní ó ti sọ ara rẹ̀ di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a kò ní kí a yọ ọ̀wọ̀ kúrò. Ohun tí a ń wí ni pé kí orúkọ gbé ọ̀wọ̀ náà: Kábíyèsí, Ọwá, Gómìnà, Bàbá, Ìyá. Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí Ìdànrè rárá, kò sì da ìtumọ̀ rú. Bí a bá sì fẹ́ lo ọ̀pọ̀ fún àpọ́nlé, kí ó kan àgbẹ̀ àgbà bí ó ṣe kan gómìnà.

Àtakò kejì ni pé akàròyìn kọ́ ni ó ń kọ ìròyìn, àti pé ìtumọ̀ máa ń dé ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí àkókò ti tán. Olóòtú ni ó yẹ kí ó gba ẹ̀bi tó pọ̀ jù níbí. Síbẹ̀, akàròyìn tí ó mọ èdè lè fi “àwọn ọlọ́pàá” rọ́pò wọ́n lórí afẹ́fẹ́, bí ó bá mọ olùṣe. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó sọ pé a kò tíì mọ ẹni tí ó mú ọkùnrin náà. Ìyẹn gan-an jẹ́ ìròyìn.

Ìgúnlẹ̀

Láti ìgbà tí BBC ti bẹ̀rẹ̀ ìròyìn Yorùbá ní ọdún 2018, tí àwọn ilé-iṣẹ́ abẹ́lé náà sì ń gbé ìròyìn wọn sórí Facebook àti YouTube, òǹwòran tí kò mọ Ìdànrè rí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Ìdànrè lẹ́nu akàròyìn. Irú òǹwòran bẹ́ẹ̀ kò ní ìmọ̀ mìíràn tí ó lè fi tú wọ́n palẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ ìròyìn Yorùbá, kí ẹ̀kọ́ nípa arọ́pò-orúkọ jókòó pẹ̀lú ẹ̀kọ́ nípa ohùn àti ìmúra. Ọ̀nà oko ni àgbẹ̀ Ìdànrè ń béèrè fún; ó yẹ kí òun àti gbogbo òǹwòran mọ ẹni tí ó ṣèlérí rẹ̀ gan-an.