"Abèèrè Kì í Ṣìnà": Àgbéyẹ̀wò Ìṣọwọ́lò-Èdè Nínú Ìgbaninímọ̀ràn Lórí Kọ̀ǹpútà àti Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Inú Ilé

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò èdè tí àwọn tí ó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn, fi ń gba ara wọn nímọ̀ràn nígbà tí wọ́n bá ń so ẹ̀rọ inú ilé wọn pọ̀. A fi èdè náà wé àwọn ọ̀rọ̀-ìperí tí a ti ṣẹ̀dá fún ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ó hàn pé ọ̀rọ̀-ìperí tó láti fún nǹkan lórúkọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe ni àwọn aṣàmúlò fi ń mọ ibi tí àléébù wà. Iṣẹ́ náà dábàá pé kí olùkọ́ fi èyí ṣe òdiwọ̀n ọ̀rọ̀ tí yóò mú wọ kíláàsì.

Ìfáárà

Tẹ̀dé ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Atisbo ní agbègbè Òkè-Ògùn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìlú àgbẹ̀ ni, ó sì jìnnà sí Ìbàdàn. Bí ẹni tí ó ra ẹ̀rọ kékeré tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé bá rí i pé ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́ mọ́ ní irú ìlú báyìí, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ni yóò kọ́kọ́ ké sí. Aládùúgbò ni yóò bi, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti Ṣakí dé, tàbí ẹni tí ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Láti ọdún 2001 tí fóònù GSM ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ni irú ìbéèrè-àti-ìdáhùn yìí ti ń gbilẹ̀, Yorùbá ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará ilé wa sì fi ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lójú olùkọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kan náà fagi lé e. Ẹ̀rù tí ó wà nídìí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun: pé èdè abínibí kò lè gbé ẹrù ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ó yẹ, nígbà náà, kí a wo ibi tí èdè náà ti ń gbé ẹrù yìí lójoojúmọ́ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀-Ìperí: Agbára àti Ààlà Rẹ̀

Akitiyan àwọn onímọ̀ lórí ọ̀rọ̀-ìperí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Iṣẹ́ Ilé-Ifẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ (1984), tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì (1990), fún olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní ohun èlò iṣẹ́. Ipa ọ̀nà kan náà ni a tọ̀ tí a fi ní ẹ̀rọ ayárabíàṣá àti ayélujára.

Àwọn orúkọ wọ̀nyí dùn létí. Ayárabíàṣá yin ẹ̀rọ náà fún ìyára rẹ̀, bí oríkì ti ń yin ènìyàn. Ayélujára jẹ́ odidi gbólóhùn tí a sọ di ọ̀rọ̀-orúkọ: ayé tí a ti lu já sí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n oríkì kò sọ ibi tí ara ti ń dun ẹni. Ẹni tí ó bá ní "ayélujára mi kò ṣiṣẹ́" kò tíì sọ bóyá òpó ilé-iṣẹ́ fóònù ni, bóyá dátà ni ó tán, tàbí bóyá ògiri yàrá ni ó dí i. Orúkọ náà fi gbogbo ojú ọ̀nà wọ̀nyí pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wà kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀-Ìṣe Lẹ́nu Àwọn Aṣàmúlò

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàkùrọ̀sọ kan tí a gbé kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ:

Àbúrò: Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán o. Fóònù mi wọ wáífáì ilé wa, ṣùgbọ́n kò gbé nǹkan kan wá.
Ẹ̀gbọ́n: Ṣé ti gbogbo yín ni, àbí tìrẹ nìkan?
Àbúrò: Ti gbogbo wa ni, sà.
Ẹ̀gbọ́n: Gbé fóònù náà sún mọ́ ẹ̀rọ tí ń pín in. Ṣé ó ti gbé e?
Àbúrò: Kò tíì gbé e, sà.
Ẹ̀gbọ́n: A jẹ́ pé kì í ṣe ògiri ló dí i. Yọ síìmù inú rẹ̀, fi í sínú fóònù, kí o wò ó bóyá dátà ṣì wà lórí rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ ní àkíyèsí. Èkíní ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, *wọ* àti *gbé wá*, ya ohun tí ayélujára pa pọ̀ sọ́tọ̀. *Wọ* ń sọ nípa ìsopọ̀ fóònù mọ́ ẹ̀rọ inú ilé. *Gbé wá* ń sọ nípa ìsopọ̀ ẹ̀rọ náà mọ́ ìta. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ yìí ti mọ ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Èkejì ni pé gbólóhùn ìbéèrè ṣáájú gbólóhùn àṣẹ. Bí àgbà oníṣègùn ti ń bi aláìsàn ní ìgbà tí ara rẹ̀ kọ́kọ́ gbóná kí ó tó já ewé, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n yìí ń ti ilẹ̀kùn kan tẹ̀lé òmíràn títí yóò fi ku ẹyọ kan. Ẹ̀kẹta ni *a jẹ́ pé*. Gbólóhùn yìí kò pàṣẹ, ó ń fa ìdí yọ. Ohun tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ń wá lọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gan-an nìyẹn.

Ẹ̀rí wà lẹ́yìn ìbéèrè ẹ̀gbọ́n yìí pẹ̀lú. Ìgbì 2.4 GHz máa ń la ògiri kọjá ju ti 5 GHz lọ, ìgbì 5 GHz sì máa ń yára jù nítòsí. Páànù orí ilé àti irin inú ògiri a máa dá ìgbì padà. Ẹni tí ó ní kí a gbé fóònù sún mọ́ ẹ̀rọ ti ṣe ìdánwò sáyẹ́ǹsì, bí kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Àléébù Ìlò Náà

Kò yẹ kí a tìtorí èyí sọ èdè àwọn aṣàmúlò di òrìṣà. "Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dáa" tí ó wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà kò sàn ju ayélujára lọ. Àléébù mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ó ń fi orúkọ kan pè. Ìmọ̀ràn tí ó gbajúmọ̀ jù, "pa á, kí o tún tàn án," a máa ṣiṣẹ́, nítorí pé ẹ̀rọ náà yóò gbàgbé ohun tí ó dì í lọ́wọ́, yóò sì tún ìsopọ̀ rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò sọ ìdí rẹ̀ fún yóò máa ṣe é bí ẹni ń ṣe ètùtù.

Èyí tí ó léwu jù ni kíkọ ìmọ̀ràn ránṣẹ́ lórí fóònù láìfi àmì sí i. "So waya naa" lè jẹ́ *so wáyà náà* tàbí *ṣọ́ wáyà náà*: ẹnìkan yóò so ó mọ́ ẹ̀rọ, ẹnìkejì yóò jókòó tì í. Bákan náà, *aṣínà* inú *ọ̀rọ̀ aṣínà* ni ohun tí ń ṣí ọ̀nà. Bí a bá mú àmì rẹ̀ kúrò, kò sí ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ sí *aṣìnà*, ẹni tí ó sọnù lójú ọ̀nà. Àwọn tí ń ka àmì ohùn sí ẹrù ìdánwò lásán yóò rí i níbí pé ohun èlò iṣẹ́ ni.

Ohun Tí Olùkọ́ Lè Mú Wọ Kíláàsì

Òdiwọ̀n tí iṣẹ́ yìí dábàá ni ìbéèrè kan: ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ yìí ran ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bàjẹ́ lọ́wọ́ láti mọ ibi tí yóò wò? Bí a bá fi í wọn àṣà wa, a óò rí ọ̀rọ̀ tí ó yege. Agbo ilé ní ojúlé púpọ̀. Nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 dà bí nọ́ńbà ojúlé inú agbo ilé: ó wúlò nínú agbo ilé náà nìkan, agbo ilé mìíràn sì lè ní irú rẹ̀ láìsí ìjà. Ẹ̀rọ tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì dà bí oníbodè: òun ni ó mọ ojúlé tí ó rán iṣẹ́ jáde, kí èsì má baà lọ sí ojúlé ẹlòmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ *oníbodè* yóò fúnra rẹ̀ béèrè bóyá oníbodè ni kò sí lójú iṣẹ́ tàbí ojú ọ̀nà ni ó bàjẹ́.

Ìrírí ibòmíràn ti èyí lẹ́yìn. Ní Kafanchan, Ìpínlẹ̀ Kaduna, Fantsuam Foundation dá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì alálàájò-ìlú tí a ń pè ní Zittnet sílẹ̀. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwé Wireless Networking in the Developing World jáde lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì kọ́ni nínú rẹ̀ bí a ti lè fi agolo lásán ṣe ẹ̀rọ tí ń gba ìgbì. A ti túmọ̀ ìwé náà sí èdè Faransé, Sípáníìṣì àti Lárúbáwá. Ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ Yorùbá ju àtòjọ orúkọ lọ. Ó ń béèrè gbólóhùn tí ènìyàn lè tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àgbálọgbábọ̀

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn onímọ̀ ní orúkọ, àwọn aṣàmúlò ní ìṣe. Ìkíní láìsí ìkejì kò pé. Ẹni tí ó bá ní Yorùbá kò lè ṣàlàyé ẹ̀rọ, kí ó lọ tẹ́tí sí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ní Tẹ̀dé nígbà tí wáífáì bá wọ̀ tí kò sì gbé nǹkan wá. Iṣẹ́ tí ó kù fún olùkọ́ ni pé kí ó kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀, kí ó fi àmì sí i, kí ó ya àwọn ìṣòro tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pa pọ̀ sọ́tọ̀, kí ó sì dá a padà sí kíláàsì.