Èwo Ló Dára Jù?

Ní Badagry níbí, bí ènìyàn bá bi apẹja pé ọkọ̀ wo ló dára jù, apẹja náà yóò kọ́kọ́ bi í pé: ṣé ọ̀sà lo fẹ́ gbé e lọ ni, àbí òkun? Ọkọ̀ kékeré tó ń gbé ènìyàn sọdá ọ̀sà lọ sí Gberefu kò ṣe é fi kojú ìgbì òkun. Ṣùgbọ́n bí àwa ọ̀dọ́ bá dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí a máa ń kọ ni pé: "Ẹ jọ̀ọ́, èdè kọ̀ǹpútà wo ló dára jù láti kọ́?" Ó parí.

Stack Overflow, tí Jeff Atwood àti Joel Spolsky dá sílẹ̀ ní 2008, ti ti ọ̀pọ̀ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ pa. Wọ́n ní èrò ọkàn ni. Àwọn kan ń pe èyí ní ìgbéraga. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tí kọ́ọ̀dù rẹ̀ bàjẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀ rí ìdáhùn tó dájú níbẹ̀, kì í ṣe àríyànjiyàn. Ibi tí mo ti bá wọn wí ni pé wọ́n ní kí o tún ìbéèrè rẹ kọ kí òkodoro ọ̀rọ̀ lè dáhùn rẹ̀. Ọmọ tó bá ti mọ bí a ṣe ń ṣe ìyẹn, kí ló tún ń wá? Ní 2010, wọ́n ṣí ojúlé mìíràn, Programmers, fún ìbéèrè tó gba ìrònú. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Software Engineering ní 2016, kò sì gba "èwo ló dára jù" mọ́.

Nairaland, tí Seun Osewa dá sílẹ̀ ní 2005, ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ ní tirẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ bó ṣe rí nígbà tí iná bá lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní Python, tí èkejì ní JavaScript, tí kò sí ẹni tó sọ ìdí, kí ni a rí gbà? (Python jáde ní 1991, JavaScript ní 1995. Àwọn méjèèjì ṣe ẹ̀gbọ́n fún mi.)

Owó kíláàsì tí àwọn òbí wa ń tù jọ ló wà lórí ìdáhùn yìí. Nítorí náà, báyìí ni èmi yóò ṣe béèrè: "SS2 ni mo wà. Fóònù nìkan ni mo ní. Mo fẹ́ ṣe ojúlé fún ẹni tó ń ta ẹja gbígbẹ. Ẹ̀yin tí ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù, kí lẹ kọ́kọ́ kọ́, ibo ló sì ti há yín?" Èrò ọkàn ṣì ni wọn yóò fi dáhùn, ṣùgbọ́n ohun tí ojú wọn rí ni yóò tẹ̀ lé e. Ibi tí ènìyàn ti lè dúró bá ọ fọ̀rọ̀ wérọ̀ ló yẹ ẹ́. Bí olùdáhùn bá sì fi ìlìnkì kíláàsì tirẹ̀ parí ọ̀rọ̀, kí o bi í ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti fi èdè yẹn ṣe, kí bàbá rẹ tó yọ owó lápò.