Àárò Kì Í Ṣe Fífẹ́: Ọ̀rọ̀-ìṣe 'Long' Nínú Iṣẹ́ Ìtumọ̀

Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí ó kéré lójú, ṣùgbọ́n tí ó máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú bí ó bá kan títúmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà ni 'long'. Kì í ṣe ọ̀rọ̀-àpèjúwe tí ó túmọ̀ sí gígùn, bí kò ṣe èyí tí ó ń sọ bí ọkàn ènìyàn ti ń fà sí ohun tí ó jìnnà sí i.

'Fẹ́' ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń dípò rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, 'The boy longed for his mother.' Ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé 'Ọmọkùnrin náà fẹ́ ìyá rẹ̀' ti kọ èèwọ̀ sílẹ̀, nítorí pé ohun tí ó kọ lè túmọ̀ sí pé ọmọ náà fi ìyá rẹ̀ ṣe aya. Àwọn kan lè sọ pé 'fẹ́ rí ìyá rẹ̀' yóò tún un ṣe. Òótọ́ ni pé kò sí àṣìṣe gírámà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìpinnu lásán ni ó fi hàn. Ẹni tí ó fẹ́ omi lè nawọ́ mú un lórí tábìlì. Ohun tí 'long' ń tọ́ka sí kò sí nítòsí.

Ìtàn ọ̀rọ̀ náà jẹ́rìí sí èyí. Orírun kan náà ni òun àti ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí gígùn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, kí ó tó di nǹkan bí ọdún 1100, 'langian' ni wọ́n ń pè é, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sì lè wà ní ipò àbọ̀ nínú gbólóhùn. Lónìí, Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di olùwà. Yorùbá ní tirẹ̀ ṣì ń sọ pé 'Àárò ìyá rẹ̀ ń sọ ọmọ náà'. Àárò ni ó ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ni ó ń faragbá a.

Ọ̀fìn kejì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. 'Long' kò bìkítà bóyá ènìyàn ti ní ohun náà rí tàbí kò ní in rí, àárò bìkítà. 'The childless woman longed for a baby.' Olùkọ́ tí ó bá fi máàkì sí 'Àárò ọmọ ń sọ obìnrin náà' ti sọ àgàn di ọlọ́mọ tí ọmọ rẹ̀ wà lájò, tàbí tí ó ti kú. 'Ọmọ ń wu obìnrin náà' tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò wúwo tó. 'Obìnrin náà ń yán hànhàn fún ọmọ' ni ó gbé ìrora rẹ̀ jáde.

Bí ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn bá tẹ̀ lé e, bí i 'He longed to return home', 'Ọkàn rẹ̀ ń fà sí àtipadà sílé' bá a mu.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi kálàmù kan ìwé, kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè méjì: ǹjẹ́ ẹni náà ti mọ ohun náà rí? Báwo ni ó ti ká a lára tó? Bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ògbufọ̀ gan-an nìyẹn.