Ọgbà Ìgbèkùn Inú Ìwé Àjàyí Crowther

Kò sí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan láàárín wa tí kò lè sọ ìtàn Àjàyí ará Òṣoògùn: bí ogun ti kó o ní ọdún 1821, bí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á lójú òkun ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, àti bí a ti fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọdún 1864. A máa ń sọ ọ́ bí ẹni tí ń fo odò: a gbé ẹsẹ̀ kan lé Òṣoògùn, a gbé èkejì lé Sàró, a kò sì bojú wo omi tí ó wà láàárín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ìtàn kò fò ó bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé tí òun tìkára rẹ̀ kọ láti Fourah Bay sí Àlùfáà William Jowett ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1837, ó dúró ní Èkó, ó sì mú wa wọ inú ilé kan. Ilé náà ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Àwọn Potogí ni wọ́n rà á níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọwọ́ Òyìnbó kàn án, ó sì ń gbọ̀n bí wọ́n ti ń yẹ ara rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni a fi í sí ẹ̀wọ̀n. Ó sọ gígùn ẹ̀wọ̀n náà fún wa: nǹkan bí ẹsẹ̀ 36, tí a fà gba inú òrùka irin tí ó wà lọ́rùn olúkúlùkù, tí a sì fi àgádágodo tì ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Ilé náà ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, tí a ń tì bí wọ́n bá ti wọlé tán. Etí òrùlé nìkan ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí ẹni méjì bá jà lóru, gbogbo wọn ni ó ń jẹ ìyà rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́rin tí wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Àjàyí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ogun ni ó kó o. Nítorí náà, ọgbà ìgbèkùn ogun ni ilé yìí, bí a kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Lójú tiwa, agbára ìwé náà wà ní ibi tí a sábà máa ń kà kọjá. Ọmọdé àti àgbà ni a kọ́kọ́ so mọ́ ẹ̀wọ̀n kan náà. Bí inú bá bí àwọn ọkùnrin, wọn a fa ẹ̀wọ̀n, ọrùn àwọn ọmọdé a sì bó. Bí wọ́n bá fẹ́ sùn, wọn a fà á mọ́ra kí ìwúwo rẹ̀ lè fúyẹ́, àwọn ọmọ a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ẹ kíyèsí i pé ẹlẹ́wọ̀n ni ó ń fún ẹlẹ́wọ̀n lọ́rùn. Crowther kò bú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò bò ó. Ó sọ ìdí rẹ̀, ó sì kọjá. Nígbà tí a yà àwọn ọmọdé sọ́tọ̀, kò pè é ní àánú: èrò ti pọ̀, ẹ̀wọ̀n kò tó mọ́, okùn ni a fi so wọ́n. Òótọ́ irú èyí ni ó mú kí a gba ìyókù gbọ́.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń rìn kiri etí òkun. Ìbànújẹ́ ni ó jẹ́ fún wọn, pé ogun tún wà lójú omi bí ó ti wà lórí ilẹ̀. Akọ̀wé náà mọ̀ ní ọdún 1837 pé ọkọ̀ wọ̀nyí ni ó gba òun là, síbẹ̀ kò fi ọgbọ́n àgbà sí ọmọdé náà lẹ́nu.

Ìwé náà kò ṣàìní àbùkù. Ẹni tí ó dárò ìyá àti àwọn arábìnrin rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, gbólóhùn kúkúrú kan ni ó fi sọ ti àwọn obìnrin inú ìgbèkùn náà, pé tiwọn kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí a so ó pọ̀ mọ́ kò sì ní orúkọ.

Ṣùgbọ́n àbùkù tí ó tóbi jù jẹ́ ti àwa òǹkàwé. Crowther pe ọjọ́ tí a kó o ní ọjọ́ burúkú, ó sì tún pè é ní ọjọ́ ìbùkún. Àwa mú ìbùkún, a fi burúkú sílẹ̀. Bóyá nítorí pé àwọn tí ó fà á dé ẹnu ọ̀nà ilé náà, láti Ìsẹ́yìn títí dé ọjà Ìjẹ̀bú, ènìyàn dúdú bí tiwa ni wọ́n: ẹṣin ni a kọ́kọ́ fi í pààrọ̀, lẹ́yìn náà ọtí àti tábà. A máa ń fi í wé Jósẹ́fù, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ padà ka Jẹ́nẹ́sísì. Ní orí 37, nígbà tí a sọ Jósẹ́fù sínú kòtò, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ní orí 42 ni a tó mọ̀ pé ó bẹ̀bẹ̀, láti ẹnu àwọn arákùnrin rẹ̀ tí wọ́n kọ̀ láti gbọ́. Ìwé Mímọ́ kò jẹ́ kí ọlá Égíptì bo igbe inú kòtò mọ́lẹ̀.

Ní ọdún 1846, Crowther àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. A máa ń yọ̀ bí a bá dé ibẹ̀, ó sì yẹ kí a yọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dúró díẹ̀ ní ẹnu ilẹ̀kùn kan ṣoṣo náà. Àwọn tí kò ní orúkọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lórí ẹ̀wọ̀n kan náà, wọ́n sì ní ìpín nínú ìtàn wa.